Smithereens: ṣé nǹkan téèyàn lè gbá nílẹ̀ ni?

TisaLesin_Moniya:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ìbéèrè gẹ̀ẹ́sì kan ló gbé mi wá, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìjẹta, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dénú kó jọ̀ọ́ bá mi dá sí i. Lẹ́sìn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 níbí ní Mọ́níyà, WAEC ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún. Mo ní kí wọ́n kọ kọ̀ńpọ́síṣọ̀n lórí ọjọ́ kan tí nǹkan bà jẹ́ nínú ilé wọn, ọmọbìnrin kan tí ọpọlọ ẹ̀ jí pépé wá kọ tiẹ̀ pé òun ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, bí fúláàsì màmá òun ṣe já bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn, ẹ wo bó ṣe kọ ọ́ ná:

"The flask fell from my hand and smashed to smithereens. I packed all the small smithereens with a packer and threw them away, but one smithereen entered my leg."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn dùn mọ́ mi gan-an, torí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lò. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ò wọ̀ mí létí. Tíṣà kejì tá a jọ ń kọ́ wọn ní kò sóhun tó ṣe é, ó ní tá a bá yọ s kúrò lára plates ó di plate, tá a bá yọ ọ́ lára cups ó di cup, kí ló wá dé tí smithereens ò ní di smithereen, kí n jẹ́ kọ́mọ gba máàkì ẹ̀. Èmi ò gbà, àmọ́ mi ò tíì rí ẹnu fi ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún un. Dikíṣọ́nárì tó wà lọ́wọ́ mi kàn sọ pé small pieces ni, ó dákẹ́ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ small pieces ni lóòótọ́, ṣebí ó yẹ kéèyàn lè gbá a, kó kó o dànù? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi Yorùbá là á fún mi, torí Yorùbá ni mo fi ń la gírámà yé àwọn ọmọ yẹn, ibẹ̀ ló ti máa ń tètè wọlé sí wọn lára.

BolaMokola:

Tíṣà ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò rí wàhálà níbẹ̀ o, àfọ́kù ni smithereens. Fúláàsì bọ́, ó fọ́, àfọ́kù wà nílẹ̀, ọmọ fi pákà kó àfọ́kù, àfọ́kù kan gún un lẹ́sẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló bára mu. Ẹ fún un ní máàkì ẹ̀ jàre.

BabaTisa_Feyinti:

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì lèmi náà kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìbéèrè yìí sì máa ń mú inú mi dùn torí ó fi hàn pé tíṣà ń ka ohun tọ́mọ kọ, kì í kàn ṣe pé ó ń ju máàkì sí i. Bọ́lá, ohun tó o sọ yé mi dáadáa, àmọ́ ibi tó o fi sí yẹn ni ò tọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Tí ìgò bá bọ́ lórí tábìlì, kí la máa ń sọ? A máa ní ó fọ́ yángá. Bisikíìtì tọ́mọ jókòó lé nínú mọ́tò, ó rún wómúwómú. Aṣọ tí ajá fi eyín fà, ó ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ó dáa. Ẹ wá bi ọmọ yẹn léèrè, ẹ ní kó lọ gbá yángá wá. Ẹ ní kó ṣa wómú méjì fún yín. Ẹ̀rín ló máa rín, torí látìgbà tó ti gbọ́ èdè ló ti mọ̀ pé yángá kì í ṣe nǹkan tó sùn sílẹ̀ téèyàn ń bẹ̀rẹ̀ mú. Bí nǹkan náà ṣe fọ́ tó, bí fífọ́ ẹ̀ ṣe burú tó, ohun tí yángá ń sọ nìyẹn. Ohun tó wà nílẹ̀ ní tiẹ̀, àfọ́kù là ń pè é, òun la lè gbá, òun la lè kà, òun ló lè gún ni lẹ́sẹ̀.

Smithereens, ẹgbẹ́ yángá ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ àfọ́kù. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ bí ẹni kọ orúkọ nǹkan, ó tún fi s sí i nídìí, ojú pílúrà lèèyàn máa kọ́kọ́ fi wò ó. Àmọ́ ẹ wo ibi tó máa ń jókòó sí nínú gbólóhùn, ẹ máa rí i pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa fífọ́ ló máa ń wà, to sì máa wà láàárín wọn: smashed to smithereens, blown to smithereens, blasted to smithereens, shattered to smithereens. Àwọn míì máa ń lo into, kò burú, to ló wọ́pọ̀ jù. Kò wọ́pọ̀ kó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kò wọ́pọ̀ kí wọ́n sọ pé ó ṣe báyìí tàbí wọ́n ṣe báyìí fún un. Ẹ lè ráwọn òǹkọ̀wé tó fi dá àrà, tí wọ́n ní ẹnì kan ń ṣa smithereens nílẹ̀, ẹni tó ti mọ ọ̀nà délé ló lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ọmọ SS2 tó ń lọ jókòó níwájú WAEC, kó gba ojú títì lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ireland ni gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn náà ní èdè tiwọn tí kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì rárá, nínú èdè yẹn, smiodar ni ohun tó ṣẹ́ kù lára nǹkan tó fọ́. Tí wọ́n bá wá fẹ́ sọ pé ó kéré, wọ́n á fi ín sí i nídìí, ó di smidirín, tó bá pọ̀ ó di smidiríní. Ín yẹn náà ló wà nídìí colleen tí wọ́n ń pe ọmọbìnrin lọ́dọ̀ wọn, cailín ni wọ́n ń kọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800 ni smithereens ti ń jáde nínú ìwé gẹ̀ẹ́sì. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé kíkéré ti wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn látilẹ̀wá, torí náà "small smithereens" tọ́mọ yẹn kọ, ó ti sọ kékeré lẹ́ẹ̀mejì. Kò sì sí big smithereens náà.

Kẹ́ ẹ tún rántí pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń lọ sí smithereens o. Nǹkan líle ni, èyí tí kì í tẹ̀, tí nǹkan sì gbá a lójijì. Fúláàsì, àwo, ìgò, gíláàsì, ilé tí bọ́ǹbù bà. Aṣọ àti ìwé, to shreds ni tiwọn. Ẹran tí alápatà gé, to pieces ni. Mo ti rí ibi tí ọmọ ti kọ pé òun fa lẹ́tà ya to smithereens, ìyẹn ò bọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ pípè ló kù. Ìdí ọ̀rọ̀ yẹn lohùn ti máa ń wúwo, ní reens. Th àárín ẹ̀ sì dà bíi ti this, kì í ṣe ti thing. Àti pé pákà yẹn, dustpan ni gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ nínú ìdánwò. Leg tó kọ náà, foot ló yẹ kó jẹ́, torí àtẹ́lẹsẹ̀ ló ṣeé ṣe kí àfọ́kù ti gún un, Yorùbá wa ń pe gbogbo ẹ̀ ní ẹsẹ̀, àmọ́ gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

BolaMokola:

Ẹ ṣeun Bàbá, yángá yẹn ti là mí lójú. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ èyí téèyàn máa wá lò fún àfọ́kù tó wà nílẹ̀ gan-an. Ṣé broken pieces náà la máa máa sọ títí ni?

Onigilaasi_IwoRoad:

Ẹ kú àlàyé o Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú iṣẹ́ tèmi dá sí i, gíláàsì ni mò ń tà, mo sì ń wọ̀n ọ́n, mo ń gé e, mo ń fi í sójú wíńdò, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ìwó Road. Ohun tí Bàbá sọ pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń lọ sí smithereens, lára gíláàsì nìkan gan-an èèyàn lè rí i pé òótọ́ ni, torí gíláàsì ò kí ń fọ́ bákan náà.

Gíláàsì lásán, èyí tó wà nínú lúfà àtijọ́ àti ojú wíńdò ọ̀pọ̀ ilé nígboro, tó bá fọ́, ó máa ń fọ́ ní gígùn-gígùn, ṣóńṣó ẹ̀ á yọ, etí ẹ̀ á mú gan-an. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní shard. Shard of glass, shards of glass, ó ṣeé kà, ó ṣeé mú, ó sì ṣeé ṣe léṣe. Bọ́lá, ìyẹn ni ìdáhùn tìẹ. Ilé gogoro kan tiẹ̀ wà ní London tí wọ́n ń pè ní Shard torí bó ṣe rí ṣóńṣó sókè, gíláàsì ni wọ́n fi bo gbogbo ara ẹ̀, gíga ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 310.

Tempered wá wà, àwọn míì ń pè é ní toughened. Òun ló wà nínú wíńdò ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, òun ló wà nínú dóò gíláàsì báńkì. Wọ́n máa ń gbé e gba inú iná tó lé ní 600 degree, bó bá ṣe ń jáde báyìí wọ́n á fi afẹ́fẹ́ líle fẹ́ ẹ. Ara òde á tutù kíá, á le, inú á ṣì gbóná. Nígbà tí inú bá wá fẹ́ tutù tiẹ̀, ó fẹ́ sún kì, àmọ́ òde ti le mọ́ ọn lórí, kò lè sún bó ṣe fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni inú á máa fa òde, òde á máa fún pọ̀, wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ títí tí gíláàsì yẹn fi máa lo ọjọ́ ayé ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin gíláàsì lásán nìyẹn. Àmọ́ tí nǹkan bá fi lè dá ọgbẹ́ sí i lára wọnú, gbogbo agbára tó há sínú ẹ̀ yẹn á tú lẹ́ẹ̀kan náà, odindi dóò á dà sílẹ̀ wẹ́wẹ́ bí àgbàdo tí wọ́n yìn. Ìyẹn ni smithereens gidi. Oníbàárà a gbé e wá, á ní kí n bá òun gé ínṣì kan kúrò lára ẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé kò ṣeé gé mọ́, kí wọ́n tó gbé e wọ iná yẹn ló yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Windscreen mọ́tò òde òní ní tiẹ̀ kì í lọ sí smithereens. Gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, rọ́bà kan wà láàárín wọn tẹ́ ẹ ò lè fojú rí. Òkò lè bà á kó là yíká, á ṣì dúró síbi tó wà, rọ́bà yẹn ò ní jẹ́ kó dà lé awakọ̀ lójú. Tọ́mọ bá kọ pé windscreen smashed to smithereens, ẹni tó bá mọ mọ́tò máa mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Cracked ni kó kọ, tàbí shattered.

Ẹ rántí nǹkan tó bú gbàmù ní Bódìjà ní January 16, 2024, Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún àwọn tó bá a lọ. Gómìnà sọ pé àwọn awakùsà tí ò gbàṣẹ ló kó nǹkan abúgbàmù pa mọ́ sínú ilé. Àwọn ilé tó jìnnà síbẹ̀ dáadáa, tí iná ò dé ọ̀dọ̀ wọn, tí òkúta ò bà, wíńdò wọn wó lulẹ̀ torí atẹ́gùn tó ti ibẹ̀ jáde ló gbá a. Ìṣẹ́jú àáyá tí atẹ́gùn yẹn fi kọjá, ó ti ba iṣẹ́ ọdún jẹ́. Ká ní mo fẹ́ kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, ilé tó wà nídìí ẹ̀ gan-an nìkan ni mo máa sọ pé it was blown to smithereens. Àwọn tó jìnnà, their windows shattered, wọ́n wá ń gbá shards of glass nílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí fi sọ́kàn: tẹ́ ẹ bá ń kó àfọ́kù gíláàsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìwé ìròyìn tàbí páálí wé e kẹ́ ẹ tó jù ú sí dọ́síbìn. Àwọn tó ń bá wa kó ìdọ̀tí, ọwọ́ lásán lọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣiṣẹ́.

Apaadi_UI:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ tó kàn mí gan-an nìyí, mò ń kàwé ní Department of Archaeology and Anthropology ní UI, àfọ́kù sì ni à ń fi ojoojúmọ́ wò.

Lọ́dọ̀ tiwa, tó bá jẹ́ gíláàsì, shard. Tó bá jẹ́ ìkòkò amọ̀, sherd, e ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n, gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń kọ ọ́ ní sceard, ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ń wa ilẹ̀ fẹ́ràn láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi shard pe ti ìkòkò náà kò ṣì í. Tí pot bá ti wà níwájú ẹ̀, potsherd ló di, ìyẹn sì ni àpáàdì wa gan-an. Ẹ ṣáà jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣ pè é dáadáa, torí àwa ará Ìbàdàn tó ń sọ pé "sé o ti jẹun" dípò "ṣé o ti jẹun", tá a bá sáré pè é, shard máa ń bọ́ sí sard lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ náà ni shatter máa ń di satter, tíṣà mìíràn á wá rò pé scatter lọmọ sọ.

Ohun tí Bàbá sọ nípa kíkà yẹn, iṣẹ́ tiwa ló jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀. A máa ń ka sherd, a máa ń wọ̀n ọ́n, a máa ń fọ̀ ọ́, a máa ń kọ nọ́ńbà sí i lára ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ibi ẹnu ìkòkò ni àfọ́kù yẹn ti kúrò, a máa gbé e sórí ìwé tí wọ́n ya róbótó oríṣiríṣi sí, a máa wo èyí tí ìtẹ̀kọrọ ẹ̀ bá mu, ibẹ̀ la ti máa mọ bí ẹnu odindi ìkòkò yẹn ṣe fẹ̀ tó nígbà tó wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò rí ìyókù ẹ̀. Tí dúdú iná bá wà lẹ́yìn ẹ̀, ìkòkò ìdáná ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà fín in lára tún lè jẹ́ ká mọ irú àwọn tó fi amọ̀ mọ ọ́n. Gbogbo èyí wà nínú sherd kan ṣoṣo. Smithereens ò ní irú ẹ̀, torí ẹ̀ ni ò ṣe sẹ́ni tó máa kọ nọ́ńbà sí i.

Yorùbá wá jù wọ́n lọ níbi kan: gẹ̀ẹ́sì rí sherd bí ohun tó ti bà jẹ́, àwa rí àpáàdì bí ohun èlò. Ìkòkò fọ́ lónìí, lọ́la wọ́n á fi àpáàdì ẹ̀ lọ fọn iná wá lọ́dọ̀ aládùúgbò, òun ni wọ́n ṣe ń sọ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Jóòbù nínú Bíbélì náà, nígbà tí egbò bò ó, àpáàdì ló fi ń họ ara ẹ̀. Ẹ wá lọ sí Ilé-Ifẹ̀ kẹ́ ẹ wo ilẹ̀ àpáàdì. Ó ti lé ní 500 ọdún tí wọ́n ti tò ó, ó ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ o, ìdúró ni wọ́n tò ó, etí ẹ̀ ló kọjú sókè, ìlà kan á fì sápá ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e á fì sápá òsì, láwọn ibòmíì wọ́n á fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ dárà sí i láàárín. Òjò rọ̀ títí, kò gbẹ́ ẹ lọ, torí bí wọ́n ṣe tò ó fún ara wọn mọ́ra ni. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwoo, obìnrin tó jọba níbẹ̀, ló ní kí wọ́n tò ó. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì wà láwọn ìlú míì, wọ́n rí i dé Benin, wọ́n rí i dé Togo. Inú mi máa ń dùn gan-an tí mo bá rántí pé ohun tí àwọn míì ń dà sí ààtàn, òun làwọn èèyàn wa fi tẹ́ ojú ọ̀nà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw tó wa ilẹ̀ Igbo-Ukwu ló dá department wa sílẹ̀. Tíṣà, tẹ́ ẹ bá lè kó àwọn ọmọ yẹn wá sí UI lọ́jọ́ kan kí wọ́n fọwọ́ kan sherd, wọn ò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ láyé.

TisaLesin_Moniya:

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti là á fún wọn lónìí. Mo ní kí wọ́n gbá yángá wá fún mi, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ó sì yé wọn lójú ẹsẹ̀, tíṣà kejì náà wà níbẹ̀, ó ní ó ti yé òun náà. Wọ́n ti wá ń kọ gbólóhùn tiwọn. Ọ̀kan kọ "the debris of the plates", ó sì pè é ní dèbríìsì. Òmíràn kọ pé "a lorry ran into our fence and the fence broke to smithereens." Mi ò mọ̀ bóyá kí n fi máàkì sí ìyẹn, torí fẹ́ǹsì alámọ̀ ni wọ́n ní nílé yẹn, mo mọbẹ̀.

IyaOkeAdo:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Debris yẹn, èmi mọ̀ ọ́n láti ìgbà Omíyalé. August 31, 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn, ó gbé mọ́tò. Nígbà tí omi fà, gbogbo ohun tó kó jọ sábẹ́ bíríìjì, igi, páànù, bẹ́ẹ̀dì, taya, ẹran tó kú, gbogbo ẹ̀ pátá ni àwọn oníwèé ìròyìn ń pè ní debris. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ò sì fọ́ o, odindi bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀. Torí náà kì í ṣe pé nǹkan gbọ́dọ̀ fọ́ kó tó jẹ́ debris, ohun tí ìjàmbá fi sílẹ̀ káàkiri ni, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ mọ́. S ìdí ẹ̀ yẹn, wọn kì í pè é.

BabaTisa_Feyinti:

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ ti sọ ọ́ dé ojú ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni debris ti wá, ìdí nìyẹn tí s ẹ̀ fi dákẹ́. Kò sì ní pílúrà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ debrises, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ a debris. Àwo tó fọ́ lórí ilẹ̀ kíṣìnnì kéré fún un, debris fẹ́ ibi tó gbòòrò díẹ̀. Ọmọ yẹn lè kọ the pieces of the plates, kò sóhun tó ṣe pieces, ọ̀rọ̀ tó rọrùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ò dáa.

Fẹ́ǹsì alámọ̀ kì í lọ sí smithereens. Amọ̀ máa ń wó ni, ó máa ń ya lulẹ̀ ní òkìtì-òkìtì, ẹni tó bá ti rí àlàpà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Kó kọ ọ́ báyìí: A lorry ran into our fence and the fence collapsed into a heap of rubble. Rubble ni àwókù ilé tàbí àwókù ògiri, búlọ́ọ̀kù, bíríkì, òkúta. Òun náà ò ní pílúrà. Ẹ fún un ní ìdajì máàkì, torí ó fi to síbi tó yẹ.

Ẹnì kan á tún béèrè shrapnel láìpẹ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: orúkọ èèyàn ni, Henry Shrapnel, sójà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣe ọta ìbọn ńlá tó ń tú ọta wẹ́wẹ́ jáde. Irin tó fò jáde látinú bọ́ǹbù nìkan ni kí wọ́n lò ó fún. Òun náà kì í gba s.

BolaMokola:

Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀kan péré ló kù, Onígíláàsì, ẹ̀yin ni mò ń bi. Fóònù mi bọ́ lánàá ní Sángo, ojú ẹ̀ là káàkiri, kò sí ibi tí ìlà ò sí. Ṣé mo lè sọ pé my screen is smashed to smithereens?

Onigilaasi_IwoRoad:

Ṣé ó ti ń já bọ́ ní ẹyọ-ẹyọ ni àbí ó ṣì wà lójú fóònù? Tó bá ṣì wà níbẹ̀, cracked ni, tó bá pọ̀ gan-an o lè ní shattered. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ gíláàsì yẹn mọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ni, òun ló dì í mú, kò lè dé smithereens bẹ́ẹ̀. Lọ ra sẹ̀lótéèpù fífẹ̀ kó o lẹ̀ ẹ́ lé e kó má bàa gé ẹ níka, torí èéfọ́ fóònù tín-ín-rín gan-an, tó bá wọnú awọ, ojú ò ní tètè rí i yọ. Tó o bá sì rówó, tètè pààrọ̀ ẹ̀.